Báàgì Tí Kò Nídìí, Tó Sì Jókòó

Ẹ bá mi kí báàgì o! Báàgì ọmọ awọ, a-jókòó-de-olówó-orí-ẹ̀! Báàgì tí kò nídìí, tó sì jókòó ju onídìí lọ! Kò gbọ́ lẹ́kíṣọ̀, kò mọ àtẹ́wọ́, síbẹ̀ iwájú ló máa ń wà. Àgbà á dúró, aboyún á dúró, báàgì á rọra fẹ̀yìn ti àga, á máa wò wọ́n bí ẹni pé òun ló kọ́ ilé náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe yunifásítì, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ṣebí ibẹ̀ la ti kọ́ ọ? A máa ju ìwé nóòtì sórí àga láàárọ̀ kùtù, a máa padà lọ sùn. Ọ̀pọ̀ wa ló jáde níbẹ̀ láìmọ nǹkan kan mìíràn, ṣùgbọ́n ní ti àga gbígbà sílẹ̀ yìí, ọ̀jọ̀gbọ́n ni wá níbẹ̀.

Ó dáa, ẹ fìdí kalẹ̀, bí ẹ bá ráàyè. Ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí ní Sátidé tó kọjá.

Yunifásítì kan wà lójú ọ̀nà tó ti Ajah lọ sí Epe, kí èèyàn tó dé Lakowe. Lọ́dọọdún, wọ́n máa ń ṣí géètì wọn sílẹ̀ fún gbogbo ayé, wọ́n á máa ṣe fẹ́sítífà. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni: eré ọ̀fẹ́, lẹ́kíṣọ̀ ọ̀fẹ́, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru. Èyí tí wọ́n ń gbowó fún, bí ibi táwọn ọmọdé ti ń mọ ìkòkò, kò ju owó gàlà àti mínírà lọ.

Ẹ sì mọ àwa ará Lekki! Ẹni tó ń bu epo sí jẹnẹrétọ̀ bí ẹni bu omi, ẹ wá wo bó ṣe ń ti èèyàn nítorí báírò ọ̀fẹ́! Mo rí ọ̀gá kan tó sọ̀kalẹ̀ nínú jíìpù, tó to ìlà ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé wọ́n ń fún èèyàn ní omi inú ike lẹ́yìn ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti ru lóòótọ́.

Ẹnu géètì ni mo ti pàdé Ìyá Ṣèyí. Màmá arúgbó ni wọ́n, aṣọ funfun látòkè délẹ̀, wọ́n ń tiro. Wọ́n bi mí pé ibo ni wọ́n ti fẹ́ ṣe tíátà. Mo ní ibẹ̀ lèmi náà ń lọ. A bá jọ ń rìn.

Kí a tó dé ibi tí wọ́n páàkì ọkọ̀ sí, wọ́n ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ara wọn fún mi. Eleko ni wọ́n ti wá. Ẹja ni wọ́n ń yan níbẹ̀. Ṣèyí, àbíkẹ́yìn wọn, ló ń kàwé ní yunifásítì yìí, òun ló kọ eré tí wọ́n fẹ́ ṣe, òun nìkan ló sì máa ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n máa ṣe é, kò tún sí òmíràn.

Wọ́n ní akólòlò ni Ṣèyí ní kékeré. Bí wọ́n bá rán an pé kó lọ ra iyọ̀, ó máa padà lọ́wọ́ òfo ni, torí kí ó tó pe 'iyọ̀' tán, oníyọ̀ á ti dá ẹlòmíràn lóhùn. Wọ́n gbààwẹ̀ títí nínú ìjọ aláṣọ funfun wọn, ahọ́n ọmọ bá tú.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó ń dun ọmọ náà. Láti jẹ́lé-ó-sinmi, ìyá ẹ̀ ò lọ síbi nǹkan kan rí nílé ìwé ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń pe òbí, ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ojú omi máa gúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹja. Lọ́tẹ̀ yìí, Ṣèyí sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé, 'Màmá, tí ẹ ò bá wá síbi èyí náà, ẹ má ṣe wàhálà láti wá síbòmíràn mọ́.'

Ìyá Ṣèyí wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, 'Ọmọ mi, lónìí, mo fi ẹja sílẹ̀ fún ológbò.'

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ọmọbìnrin kan jókòó pẹ̀lú fóònù ńlá. Ó ní kí Màmá mú ímeèlì wọn wá.

'Wọn ò sọ fún mi pé kí n mú un dání.'

Ó ní láìsí ímeèlì, òun ò lè fún wọn ní okùn ọwọ́ aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń wọlé. Ọ̀rọ̀ di àlàyé. Èrò ń wọlé, àga ń tán. Mo fi wọ́n síbẹ̀, mo wọlé lọ.

Nínú gbọ̀ngàn ńkọ́? Báàgì ló ń ṣe fẹ́sítífà! Gèlè kan jókòó lórí àga. Bíbélì kan jókòó, ó ń wàásù fún àga kejì. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kan dá jókòó bí ìjòyè. Páálí oúnjẹ tí wọ́n ti jẹ dé ìdajì náà gba àga tiẹ̀, bóyá ikùn ẹni tó ni ín ló ń bọ̀ wá jókòó.

Ní ìlà iwájú, báàgì aláwọ̀ ọsàn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó Ọ̀jọ̀gbọ́n kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí, kò sí ohun tí kì í ní ìtumọ̀ tó jinlẹ̀ lójú ẹ̀, àní bí adìẹ bá yàgbẹ́. Ìyàwó ẹ̀ bi ẹni tó ni báàgì pé ta ló ń bọ̀ wá jókòó síbẹ̀. Arábìnrin yẹn bá gbé ohùn gba imú, ó ní dókítà kan ni, ọ̀rẹ́ òun, London ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ gbọ́ irọ́! Àga ọ̀fẹ́ kan ṣoṣo ló rí gbà, ó ti ń fi pe àlejò láti ìlú òyìnbó!

Ìgbà yẹn ni Ìyá Ṣèyí wọlé. Ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà ti fi ímeèlì ara ẹ̀ ṣe é fún wọn. Okùn aláwọ̀ ewé wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n na ọwọ́ náà síwájú bí ẹni gbé àtùpà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè láti ìdí àga kan dé èkejì.

'Ẹ má bínú mà, ẹnìkan wà níbẹ̀.'

'Ẹni náà dà?'

'Ó ń bọ̀. Ó ti wà ní Jakande.'

Ní Èkó wa yìí, ẹni tí kò tíì wẹ̀ náà ti wà ní Jakande!

'Ṣé kí n jókòó títí á fi dé?'

'Ha, Mọ́mì, rárá o. Á bínú.'

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ kóòtù fa báàgì ẹ̀ mọ́ra, ó fín imú, ó yíjú sí ọ̀rẹ́ ẹ̀. 'Ta ló gbé ẹja wá síbí?' Àwọn méjèèjì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ọkùnrin tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn sún mọ́ Màmá. Ó ní òfin ò gba kí ẹnikẹ́ni dúró, pé tí kò bá ti sí àga, kí wọ́n lọ sí abẹ́ kánópì níta.

'Bọ̀dá, ọmọbìnrin kan ní òun ń gba ààyè sílẹ̀ fún mi. Ojú mi ni ò ríran jìnnà.'

'Kí lorúkọ ẹ̀?'

'Mi ò bi í.'

'Màmá, orúkọ la fi ń wá èèyàn.'

Ni wọ́n bá gbóhùn sókè nínú gbọ̀ngàn yẹn: 'Ọmọ mi o! Èmi rèé o! Mo ti dé o!'

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ẹnìkan lẹ́yìn ní bóyá eré ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n mú Màmá jáde. Sìkíríìnì wà lábẹ́ kánópì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìpolówó nìkan ló ń gbé jáde, kò sì lóhùn.

Eré bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ náà mọ̀ ọ́n ṣe! Òun nìkan ṣe apẹja, ó ṣe onílé, ó ṣe ọlọ́pàá, ó ṣe ìyàwó tó ń bú ọkọ. Kò kólòlò lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ń tẹ fóònù gbàgbé fóònù.

Nígbà tó parí, ó bọ́ fìlà. Ó ní, 'Ẹni tó bá mi tú ahọ́n mi wà níbí lónìí. Màmá mi, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n rí yín.'

Iná bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn ní ìlà iwájú. Ó dé orí gèlè. Ó dé orí Bíbélì. Ó dé orí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ìyẹn ń kọ mànà. Ó wá dúró sórí báàgì aláwọ̀ ọsàn.

Ṣèyí fi ọwọ́ ṣíji bo ojú. 'Màmá?' Ó dúró. 'Mà... Mà... Mà...'

Ọ̀rọ̀ há. Òógùn bò ó. Ẹnu ẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, ohùn ò jáde mọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ dìde. Ó pàtẹ́wọ́! Gbogbo ilé dìde tẹ̀ lé e! Wọ́n ní àwọn ò rí òpin eré bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n yíjú sí ìyàwó ẹ̀, ó ní báàgì yẹn dúró fún gbogbo ìyá tí kò sí nítòsí. 'Ìtumọ̀ ẹ̀ jinlẹ̀ gan-an ni.'

Ọmọ náà ò tẹrí ba. Ó kàn wọlé lọ.

Níta, Ìyá Ṣèyí ti dìde, wọ́n ń bi gbogbo ẹni tó ń kọjá pé, 'Ṣé ó ṣe é dáadáa? Ṣé kò kólòlò?'

Ọkùnrin kan fi ayọ̀ dá wọn lóhùn. 'Mọ́mì, ibi tó ti kólòlò yẹn ló dùn jù!'

Kí ẹnikẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀, Ṣèyí jáde. Màmá na ọwọ́ sókè kó lè rí okùn aláwọ̀ ewé náà. 'Ṣèyí, mo wá o. Wò ó. Ọmọbìnrin kan ló ní òun...'

Ó wo okùn náà. Ó dọ̀bálẹ̀ bí ẹni dọ̀bálẹ̀ fún àlejò. 'Ẹ ṣeun, mà. Ẹ tètè máa lọ, kí ẹja yín má baà jóná.'

Ó kọjá lọ. Màmá ò gbé ọwọ́ wọn sílẹ̀.

Kí ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀? Ohun tí wọ́n bá fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, àwa tá a tètè dé ló ń sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. A ò sanwó àga, a tún fi báàgì jọba lé e lórí. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti gbé sórí àga rí, ta ló sì dúró nítorí ẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ẹ má purọ́ o, gbogbo wa la ní báàgì.

Aláwọ̀ ọsàn yẹn, tèmi ni. Èmi ni mo sọ fún Ìyá Ṣèyí lẹ́nu ọ̀nà pé kí wọ́n máa bọ̀, màá gba ààyè sílẹ̀ fún wọn. Mo sì gbà á lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n pè mí nínú gbọ̀ngàn, mo gbọ́. Mo bá àwọn yòókù rẹ́rìn-ín.