Oògùn Tí Wọ́n Fi Ṣe Sàárà

Bí ẹ bá gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń sáré ní Láfẹ́nwá, tí ikọ́ sì ń gbè é, Rodiat ni. Aṣọ iléèwé ló ń rán, kì í sì í fi aṣọ ṣòfò. Àgékù tó bá ṣẹ́kù, àpò ni yóò fi rán. Àìsàn kan ni wọ́n bí mọ́ ọn, tí àwọn dókítà ń pè ní sísitíìkì faiburósìsì. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ a máa ki bí ògì tútù, kòkòrò àrùn a sì tẹ́ ẹní síbẹ̀. Ìyá rẹ̀, Àlhájà Sàfúrátù, ní láti ìgbà tí òun ti ń pọ̀n ọ́n ni òógùn rẹ̀ ti níyọ̀ ju ti ọmọ ẹlòmíràn lọ.

Lọ́dún yìí, nígbà tó kù díẹ̀ kí iléèwé wọlé, ikọ́ náà le. Dókítà yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, ó mọ kòkòrò tó wà níbẹ̀, ó sì yan oògùn apakòkòrò tó ká a. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kó fi lò ó, kódà bí ara bá yá kó tó pé. Bó bá dá a dúró lágbede méjì, kòkòrò tó ṣẹ́kù lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá oògùn náà jà, ó di abẹ́rẹ́ inú iṣan lórí ibùsùn ilé ìwòsàn. Ta ni yóò wá rán aṣọ àwọn ọmọ? Oògùn náà kì í sì í ṣe owó kékeré.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ikọ́ fi rọlẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Rodiat lọ ra òwú ní Kuto. Inú Àlhájà dùn, ó din àkàrà, ó fi ṣe sàárà ìdúpẹ́. Ó wá rántí àwọn aládùúgbò tó ń wúkọ́. Oògùn tó wo ọmọ òun sàn, kí ló dé tí òun yóò fi háwọ́? Ó mú àlùmọ́gàjí ọmọ rẹ̀, ó gé sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn sí wẹ́wẹ́, hóró kọ̀ọ̀kan nínú ike rẹ̀, ó fi dé àkàrà wọn lórí bí fìlà, ó sì pín in fún wọn.

Nígbà tí Rodiat dé, páálí oògùn rẹ̀ ti ṣófo. Ó bẹ ìyá rẹ̀ pé kó lọ gbà wọ́n padà.

“Sàárà ni,” Àlhájà dáhùn. “Ta ló ń gba sàárà padà?”

Rodiat jókòó, ó ronú. “Ìyá mi, ṣé wọ́n máa ń ṣe sàárà fún aláìsàn?”

“Òun gan-an ló tọ́ sí.”

“Ó dáa. Aláìsàn ń lọ síwájú ilé wọn.”

Ó gbé abọ́. Lójúlé Azeezat, ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò tó ń wúkọ́, ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé kòkòrò inú àyà òun ni wọ́n yan oògùn yìí fún, kì í ṣe fún gbogbo ikọ́. Azeezat rẹ́rìn-ín, ó fi hóró tirẹ̀ ṣe sàárà, ó fi ọsàn kún un. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe láti ojúlé dé ojúlé, tí Àlhájà ń tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀, tó ń ṣe àmín.

Bàbá Sàlàhúdíìnì nìkan ni wọn ò ní tiwọn mọ́. “Mo ti fi àkàrà tì í sọ́nà ọ̀fun,” ni wọ́n wí. “Ikọ́ ò lọ, àmọ́ àkàrà náà dùn.” Rodiat ní kí wọ́n lọ rí dókítà nítorí ikọ́ yẹn. Wọ́n lọ lóòótọ́, wọ́n sì ra hóró kan irú oògùn Rodiat bọ̀ láti Ìbarà, wọ́n fi ṣe sàárà tiwọn.

Rodiat lo oògùn rẹ̀ tán pérépéré. Àìsàn náà ṣì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ fúyẹ́, iléèwé sì wọlé bá aṣọ tó ti tò kalẹ̀. Àlhájà tún din àkàrà. Bàbá Sàlàhúdíìnì yí tiwọn wò síwá sẹ́yìn.

“Àlhájà, àkàrà tọ̀tẹ̀ yìí ò dé fìlà.”

“Ẹ má bínú, Bàbá,” ni Rodiat dáhùn láti ìdí ẹ̀rọ. “Mo ti gbé gbogbo fìlà náà mì.”