Sálúbàtà Tí Ó Kọjú Sílé

Mo ń ṣẹ́tí sùtánà ọmọdé kan lọ́wọ́ nígbà tí fóònù mi dún. Aago méjì ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Mo mọ̀ ọ́n dájú, nítorí láti aago kan ni mo ti gbé fóònù náà sórí àpótí òwú kí n má baà máa wá a kiri. Síbẹ̀, bí ó ṣe dún, abẹ́rẹ́ gún mi ní àtàǹpàkò, ẹ̀jẹ̀ sì kán sí etí aṣọ funfun náà. Ọjọ́ kejì ni mo tó rántí fọ̀ ọ́.

Ọmọ mi ló pè. Ọjọ́ kẹrin rẹ̀ ní Jàpáànì nìyẹn.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà náà, ó sì wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíráámà kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Wọ́n ní ẹgbẹ́ kan níbẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ àṣà àwọn ará Jàpáànì. Wọ́n ń ká bébà di ẹyẹ, wọ́n ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì jẹ ìrẹsì, wọ́n sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn lọ́hùn-ún. Èmi rò pé eré ni. Àfi bí wọ́n ṣe mú ọmọ mẹ́wàá nínú wọn, tí wọ́n ní àwọn ọmọ náà àti olùkọ́ méjì yóò lọ síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà ìsinmi Àjíǹde, láìná kọ́bọ̀. Mo fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́, mo sì padà sídìí maṣíìnì.

Kì í ṣe pé inú mi kò dùn. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ti ẹnu ọ̀nà wa ní Ìgàndó lọ sí òkè òkun. Oṣù mẹ́fà péré ló ní òun yóò lò. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún márùn-ún. Fún ọdún méjì, ó ń pè wá déédéé. Lẹ́yìn náà ó di ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, nọ́ńbà náà kò lọ mọ́. Kò kú, ẹnì kan rí i. Kò kàn padà wá ni. Nítorí náà, nígbà tí àwọn èèyàn ń bá mi yọ̀, ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi: ṣé èyí náà yóò padà?

Obìnrin kan tó ń dirun ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tèmi kò jẹ́ kí n sinmi. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Gbogbo wa ń pè é ní Àlàájà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì dé Mẹ́kà.

"Ìyá Aláṣọ Funfun," ó ní, "ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ, jàre. Ẹ fajú ro bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba maṣíìnì lọ́wọ́ ẹ̀."

"Mo ti fọwọ́ sí i, Àlàájà."

"Ọwọ́ yín ti gbà. Ojú yín ni ò tíì gbà."

Èmi ni mo di ẹrù rẹ̀. Mo ká sùtánà rẹ̀ sábẹ́ àwọn aṣọ yòókù, nítorí ọjọ́ ìsinmi méjì ni yóò bá a lọ́hùn-ún. Mo ní ibi yòówù kó wà, kó wọ̀ ọ́ gbàdúrà. Àwa tí a ń wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a kì í wọ bàtà mọ́ ọn. Bí sùtánà bá ti bọ́ sọ́rùn, ẹsẹ̀ lásán ni, ì báà jẹ́ orí ọ̀dà, ì báà jẹ́ ẹrẹ̀ ọ̀nà Ẹ̀gàn nígbà òjò. Láti kékeré lọmọ mi ti ń rìn bẹ́ẹ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ó yẹ kí n sọ ohunkóhun nípa ẹsẹ̀.

Wọ́n pín àwọn ọmọ náà sí ilé àwọn ará ìlú kékeré kan. Ọ̀dọ̀ obìnrin àgbà kan tó ń dá gbé ni tèmi bọ́ sí. Ẹ̀ẹ̀kan ní ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n gbà fún wọn láti pe ilé, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ tiwọn, tí í ṣe ọ̀sán tiwa.

"Mọ́mì, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ má bínú o."

"Kí lo ṣe?"

"Mo wọ sùtánà láàárọ̀ àná. Mo ní kí n lọ gbàdúrà lábẹ́ igi kan nísàlẹ̀ òkè."

"Ó dáa."

"Mi ò wọ bàtà."

"Ṣé wọ́n ń wọ bàtà sí sùtánà ni?"

"Mọ́mì! Òtútù mú mi débi pé mi ò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ mi ṣì wà níbẹ̀. Bàbá arúgbó kan wá sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó tẹríba fún mi, ó fún mi ní ọsàn méjì. Obìnrin kan tún jáde, ó fún mi ní mẹ́ta. Mi ò mọ nǹkan tí mo ṣe fún wọn. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Bí mo ṣe kúnlẹ̀, àwọn náà tún tẹríba. Mo tún kúnlẹ̀. Wọ́n tún tẹríba. Mo rò pé ibẹ̀ la máa sùn."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àlàájà yọjú pẹ̀lú ìlàrun lọ́wọ́, ó ní kí n tún un sọ fún òun.

"Wòlíì gidi!" ló pariwo sínú fóònù. "Àwọn tibí ń gbàdúrà, wọ́n ń gba owó. Tìrẹ ń gba ọsàn! Kó díẹ̀ bọ̀ fún wa o!"

Obìnrin àgbà tó gbà á sílé ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún ọmọ mi. Ní agbègbè wọn, àwọn kan máa ń wọ aṣọ funfun, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn láti ilé àdúrà kan dé òmíràn, ẹni tó bá sì pàdé wọn lọ́nà á ta wọ́n lọ́rẹ. Wọ́n rò pé ọ̀kan nínú wọn lọmọ mi. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn ń wọ bàtà. Nígbà tí obìnrin àgbà náà rí i pé kò wọ bàtà jáde, sálúbàtà ló mú lọ́wọ́, tó ń sáré bọ̀ lójú ọ̀nà, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún.

"Nígbà tá a délé, ó bu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sínú abọ́, ó fọ ẹsẹ̀ mi, Mọ́mì. Mo ní kó fi sílẹ̀, kò gbà."

Ibẹ̀ lẹ́rìn-ín ti kúrò lẹ́nu mi. Mo sọ pé kó bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì dúpẹ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a parí ọ̀rọ̀, mo gbé sùtánà náà, mo sì tún gbé e kalẹ̀. Èmi nìkan ni mo máa ń fọ ẹsẹ̀ ọmọ yẹn nígbà tó wà ní kékeré. Wọ́n tún wá fọ̀ ọ́ níbi tí n kò lè dé.

Àwọn ọjọ́ tó kù gùn. Mo ń se ìrẹsì fún ẹni méjì, mo sì ń jẹ ìyókù láàárọ̀. Bí iná bá dé, mo máa ń pè é síta pé kó wá lọ aṣọ rẹ̀, kí n tó rántí. Aago kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì, mo sún un síwájú ní wákàtí mẹ́jọ kí n lè mọ ohun tó ń ṣe. Àwọn oníbàárà ń sọ fún mi pé aago mi ti bàjẹ́. Mo ń sọ pé màá tún un ṣe.

Ó padà dé ní ọjọ́ tí wọ́n dá gan-an. Ó ti sanra díẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà wa, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì yí i padà kí imú rẹ̀ kọjú síta. Nígbà tó wọlé lọ wẹ̀, mo yí i sínú. Nígbà tó jáde, ó tún yí i síta.

"Kí ló dé tí o fi ń kọjú bàtà síta?" Mo béèrè é pẹ̀lú ohùn tí n kò fẹ́ lò.

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ ni, Mọ́mì. Kó lè rọrùn fún ẹni tó bá fẹ́ jáde."

Mo tún nawọ́ sí bàtà náà. Ó wò mí, ó lọ sídìí àpò rẹ̀, ó sì mú sálúbàtà aláṣọ méjì jáde, tèmi àti tirẹ̀. Obìnrin àgbà náà ló fi ránṣẹ́. Ó gbé méjèèjì sílẹ̀, ó kọjú wọn sínú ilé. Ó ní bàtà ìta ló ń kọjú síta. Ti inú ilé ń kọjú sílé, ó ń dúró de ẹni tó ń bọ̀.

Nígbà tó ṣe ìdánwò àṣejáde tán, àwọn ará Jàpáànì tó pè wọ́n nígbà yẹn kọ̀wé sí i pé kó padà wá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́ta. Kò bẹ̀ mí. Ó kàn gbé ìwé náà sórí maṣíìnì, ó sì lọ pọn omi. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìwé náà fi wà níbẹ̀ tí mo ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rò ó pé bàbá rẹ̀ kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi kó tó lọ, àti pé èyí ń béèrè. Ní ọjọ́ kẹrin, mo fọwọ́ sí i.

Ó di oṣù keje báyìí tó ti lọ. Mo tún ti sún aago náà síwájú. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, Àlàájà ti gbé àpò kan sórí, ó ń pariwo láti ìta pé ọkọ̀ ò ní dúró dè wá. Ọmọ mi bọ́ sálúbàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú rẹ̀ sílé, ó sì ki ẹsẹ̀ bọ bàtà ìta. Mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé sálúbàtà náà, kí n kó o pamọ́ sínú àpótí pẹ̀lú àwọn aṣọ rẹ̀, bí mo ṣe kó ti bàbá rẹ̀ lọ́jọ́sí. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Mọ́mì. Ẹ máa gbálẹ̀ yí i ká. Mo ń bọ̀ wá wọ̀ ọ́."