Ìhà Tó Ń Dun Ìyá Mi

Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, àwa mélòó kan tí a ní aláìsàn nílé dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Ìkòròdú, àwọn ará Ẹ̀pẹ́ sì dara pọ̀ mọ́ wa. Iṣẹ́ wa ni pé kí ọmọ ẹgbẹ́ kan wá jókòó ti aláìsàn ẹlòmíràn, kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ lè sinmi fún ọ̀sán kan. Èmi ni alága. Ní gbogbo ìpàdé ni mo ń ròyìn bí mo ṣe ń tọ́jú ìyá mi tí ẹ̀gbà dá dùbúlẹ̀, ọ̀rọ̀ mi a sì máa wọ àwọn èèyàn lọ́kàn.

Nígbà tó kan ilé mi, obìnrin ẹlẹ́ja kan nínú ẹgbẹ́ wa wá láti Ìbẹ̀ṣẹ̀. Ó fẹ́ yí ìyá mi padà lórí ẹní.

“Alága, ìhà wo ló ń dùn wọ́n?”

Mo ní òsì ni. Nítorí náà, ó fọwọ́ ti ọ̀tún, ìyá mi sì kérora.

“Má bá a wí,” ni ìyá mi sọ fún un. “Ìyàwó rẹ̀ ni kí o bi. Ẹnu ọ̀nà ni ọmọ mi ti máa ń kí mi.”

Ìyàwó mi ti ilé ìdáná wá, ó fi ìhà náà hàn án, kò wo ojú mi.

“Ẹ lọ sùn,” ni ẹlẹ́ja náà wí fún ìyàwó mi.

Ó sùn títí di ìrọ̀lẹ́.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún ní kí n ròyìn bí mo ṣe ń tọ́jú ìyá mi. Ẹlẹ́ja náà jókòó níwájú. Mo dìde, mo sì sọ ọ́ bí mo ti máa ń sọ ọ́.