Ọkùnrin Tó Wọ Ṣẹ́ẹ̀tì Tuntun Jáde

Bí ọkùnrin kan bá wọ ṣọ́ọ̀bù aṣọ Màdáámù Adédiwúrà ní Kétu nígbà náà, kó tó lanu, Ajarat ti mọ ìwọ̀n tó máa bá a mu. Ọdún mẹ́ta ló ti lò lẹ́yìn kántà, ojú rẹ̀ ti di téèpù. Á wo ọrùn èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á na ọwọ́ sí hángà, aṣọ tó bá sì mú wá, òun gan-an lẹni náà máa rà lọ sílé.

Ọmọ Ìkòsí ni, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Àárọ̀ kùtù ló máa ń dé. Á gbọn eruku títì kúrò lára gbogbo aṣọ, á fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ àwọn tó bá ti hunjọ, á wá fi abẹ́rẹ́ gán pélébé aṣọ tí wọ́n kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù sí mọ́ inú ọrùn àwọn èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdúró ló kù. Màdáámù ò fẹ́ kí ẹni tó ń kọjá lójú títì rí ọmọ ọjà òun lórí ìjókòó. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tí olùtajà rẹ̀ bá ti jókòó, ọjà ibẹ̀ náà á jókòó. Nítorí náà, Ajarat á dúró títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi wú, á sì máa rẹ́rìn-ín sí gbogbo ẹni tó bá wọlé, títí kan àwọn tó kàn fẹ́ wo ara wọn nínú dígí ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnnì.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1972, ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì títì, kí wọ́n máa gba apá ọ̀tún. Ọjọ́ Àìkú ni ètò tuntun náà bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, igbe búréèkì ni wọ́n ń gbọ́ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ní títì Ìkòròdú tó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá. Apá ibi tí èèyàn ti ń wò láti kékeré kó tó sọdá, ibẹ̀ kọ́ ni ọkọ̀ ń gbà wá mọ́.

Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, ọkùnrin kan wọlé. Ó ga, ọrùn rẹ̀ gùn, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì búráùn kan tó ti ṣá. Òórùn pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ń bẹ lára rẹ̀.

"Sisí, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ra ṣẹ́ẹ̀tì."

"Ẹ káàbọ̀, bùrọ̀dá. Ti iṣẹ́ ni àbí ti òde?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ti ibi tí wọ́n á ti máa wò mí látòkèdélẹ̀ ni."

"Ilé àna nìyẹn."

"Ṣé ó hàn lójú mi tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Ó mú funfun kan lọ́wọ́, ó fi sílẹ̀, ó tún mú un. Ajarat ní eruku á ti sọ ọ́ di nǹkan míì kó tó débi tó ń lọ. Ó yọ ọ̀kan fún un nínú ṣẹ́ẹ̀tì méjìlá aláwọ̀ ewé tó ní ìlà funfun tín-ín-rín, tí télọ̀ kan ní Ọjọ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá. Ọkùnrin náà wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Nígbà tó jáde, ó dúró síwájú dígí bí ẹni tí kò dá ara rẹ̀ mọ̀. Ajarat na ọwọ́ sí i lọ́rùn, ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe.

"Ẹ má bọ́ ọ mọ́," ó wí. "Ẹ wọ̀ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ n fi bébà di ti tẹ́lẹ̀ fún yín."

"Àbí kí n di ẹrù lọ sílé àna?" Ó tún rẹ́rìn-ín. "Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀, sisí. Mò ń padà bọ̀ wá gbà á nírọ̀lẹ́."

Ó sanwó, ó sì jáde. Ìyá kan wọlé lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin kékeré tó fẹ́ ra gáùn fún. Ajarat kúnlẹ̀, ó ń de bọ́tìnnì ẹ̀yìn gáùn náà nígbà tí búréèkì ké lójú títì. Nǹkan kan dún gbì. Àwọn èèyàn figbe ta.

"Títì ọ̀tún yìí ti tún mú ẹlòmíì," ni ìyá ọmọ náà wí.

Ajarat ò jáde. Bọ́tìnnì méjì ló kù. Ó dè wọ́n tán.

Ọkùnrin náà ò padà wá nírọ̀lẹ́, kò wá lọ́jọ́ kejì. Ajarat fi ṣẹ́ẹ̀tì búráùn náà kọ́ sára ìṣó lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé oúnjẹ ilé àna ti dá a dúró.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ọlọ́pàá kan wọlé, ó gbé ẹrù kan tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé sórí kántà, ó sì tú u. Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé ni. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára, ó le gan bí aṣọ tí wọ́n fi sítáàṣì sí. Ọlọ́pàá yí ọrùn rẹ̀ síta, ó fi ìka tọ́ka sí pélébé aṣọ tó ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù. Abẹ́rẹ́ Ajarat ló gán an síbẹ̀.

"Mọ́tò ló pa ẹni tó wọ èyí, lọ́jọ́bọ̀," ọlọ́pàá wí. "Kò sí ìwé kankan nínú àpò rẹ̀. A ò mọ orúkọ rẹ̀, a ò mọ ilé rẹ̀. Ta lẹ tà á fún?"

Màdáámù ti dáhùn kí Ajarat tó mí. "Ọ̀gá, ọjà ni o. Gbogbo ẹni tó ń wọlé, tó ń jáde níbí, ta ló fẹ́ mọ orúkọ wọn?"

Ọlọ́pàá yíjú sí Ajarat. "Ìwọ ńkọ́?"

Ajarat wo Màdáámù. Kò sí ẹni tí kò mọ ìtàn àbúrò Màdáámù ní Kétu. Àbúrò yìí rí òkú lẹ́bàá ọ̀nà, ó lọ sọ fún ọlọ́pàá, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló sì lò ní àtìmọ́lé. Ojú Màdáámù ń bẹ Ajarat.

"Mi ò rántí, sà," ni Ajarat wí.

Ọlọ́pàá wé ẹrù rẹ̀, ó lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni ṣọ́ọ̀bù ti yí padà mọ́ Ajarat lọ́wọ́. Màdáámù fi ọ̀kan kọ́ ẹnu ọ̀nà nínú ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tó kù, kí àwọn èrò títì lè rí i. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn rẹ̀, tí Ajarat bá gbójú sókè láti ìdí kántà, ọkùnrin kan ló máa ń rí tó dúró láìlórí, tí apá rẹ̀ ń mì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti sọ fún un pé, "Ẹ káàbọ̀, bùrọ̀dá." Lẹ́yìn kọ́tìnnì, òórùn pákó ò lọ. Àwọn oníbàárà tó bá wọbẹ̀ lọ wọ aṣọ wò á máa béèrè bóyá káfíńtà ń ṣiṣẹ́ nítòsí. Ọwọ́ Ajarat ò sì gbà á mọ́ láti tún kọ́là ọkùnrin kankan ṣe. Á ní kí wọ́n tún un ṣe fúnra wọn níwájú dígí.

Èyí tó burú jù ni pé ṣẹ́ẹ̀tì náà ń tà. Kí oṣù tó parí, márùn-ún ti lọ, wọ́n sì ń rìn káàkiri àdúgbò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ajarat rí ọ̀kan níwájú rẹ̀ ní Mile 12. Gíga kan náà, ọrùn gígùn kan náà. Kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Ó tẹ̀ lé e kọjá ibùdó ọkọ̀, ó tẹ̀ lé e wọ àdúgbò tí kò dé rí, títí ọkùnrin náà fi yíjú padà. Ojú àgbàlagbà ni, eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ká.

"Ọmọ mi, ṣé kò sí nǹkan? Ta lò ń wá?"

"Ẹ má bínú, bàbá. Mo ṣì yín mú ni."

Ajarat jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, òógùn bò ó bí ẹni tó sáré.

Ìyá rẹ̀, Hùmúàní, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà fún. Ìyá náà gbọ́ ọ tán, kò bá a wí. Ó kàn béèrè pé, "Aṣọ rẹ̀ tó fi sílẹ̀ dà?"

"Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù."

"Ajarat, nǹkan ẹni ẹlẹ́ni wà lọ́wọ́ rẹ. Lọ wá àwọn tó ni ín."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ló ki ọwọ́ bọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì búráùn náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́tà kan ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ká sí mẹ́rin. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbíjọkẹ́, ọmọ Bàbá Shittu apẹja ní Àgbóyì, ló kọ ọ́ sí Yúnúsà. Ó ní bàbá òun ti gbà láti rí i, kó wá lọ́jọ́bọ̀, kó má pẹ́, kó má sì bẹ̀rù. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìlà mẹ́fà lọ. Láti ọjọ́bọ̀ yẹn ló ti wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré sí ibi tí ọlọ́pàá dúró sí.

Ajarat sọ fún Màdáámù pé orí ń fọ́ òun. Ó di ṣẹ́ẹ̀tì náà sínú bébà, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó di Àgbóyì. Ó bá Ìbíjọkẹ́ nídìí ààrò tí wọ́n fi ń yan ẹja, èéfín bo gbogbo ara rẹ̀. Bí Ajarat ṣe ṣí bébà náà, ọmọbìnrin náà dá aṣọ mọ̀. Ó nà ró.

"Ìwọ ló gbà á lọ́wọ́ mi?"

"Rárá o."

"Ta ni kó wá máa mú aṣọ tí ọkùnrin bọ́ sílẹ̀ rìn? O wá fi hàn mí pé ilé rẹ ló ń bọ́ ọ sí?"

"Sisí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó." Ajarat sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró: ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó fẹ́ mú, èyí tí òun mú fún un, bó ṣe jáde, búréèkì tó ké, ọlọ́pàá tó wá. Nígbà tó dé ibi tó ti ní òun ò rántí, ó fẹ́ fo ibẹ̀ kọjá. Àmọ́ ó sọ ọ́.

Ẹja ń jóná lórí ààrò. Ìbíjọkẹ́ ò yí i.

"Ọ̀gá rẹ̀, káfíńtà kan ní Ṣómólú, sọ fún wa pé ó gba ààyè oṣù kan," ó wí nígbà tó yá. "Ó ní tó bá kúrò lọ́dọ̀ wa, Ìsẹ́yìn ló máa gbà lọ, kó lọ mú bàbá rẹ̀ wá. Kò sẹ́ni tó wá a. Ọ̀gá rẹ̀ rò pé ó ti lọ sí Ìsẹ́yìn, àwa rò pé ó sá." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ojoojúmọ́ ni mo ń ṣépè fún un. Ojoojúmọ́, lẹ́nu ààrò yìí. Ó ti kú ná, mo ṣì ń gbé e ṣépè."

Ajarat bá a gbé ẹja tó jóná kúrò lórí iná.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá tó wá sí ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀. Ó tẹjú mọ́ Ajarat.

"Ṣebí ìwọ lo ní o ò rántí?"

"Irọ́ ni mo pa, sà. Yúnúsà lorúkọ rẹ̀."

Ó bú u, ó fi ọwọ́ lu tábìlì, ó ní kó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀sán pọ́n, oòrùn yẹ̀, kò sẹ́ni tó tún bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ọlọ́pàá náà ṣí ìwé ńlá kan, ó kọ orúkọ sí ibi tó ṣófo. Ó wá sọ fún wọn pé ìjọba ti sin ín láti ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn, pẹ̀lú àwọn mìíràn tí ẹnikẹ́ni ò wá béèrè. Ìbíjọkẹ́ figbe bọnu.

Wọn ò fi Ajarat sílẹ̀ títí Màdáámù fi gbọ́, tó wá gbà á nírọ̀lẹ́. Wọ́n rìn dé Kétu, Màdáámù níwájú, òun lẹ́yìn. Àmọ́ nígbà tí Ajarat dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tó kù ti kúrò lórí hángà. Kò béèrè ibi tí wọ́n wà.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, Bàbá Mùkáílà, bàbá Yúnúsà, dé láti Ìsẹ́yìn. Ó ti lọ kírun sí ọmọ rẹ̀ lára ní ibi tí wọ́n sin ín sí. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wọ mọ́ṣáláṣí. Màdáámù dìde, ó gbé àga tirẹ̀ fún un.

"Ìwọ lẹni tó bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn?" ó bi Ajarat.

Ajarat kúnlẹ̀. "Èmi ni, bàbá."

"Níbo ló dúró sí?"

Ó fi ibẹ̀ hàn án. Arúgbó náà dìde, ó lọ dúró síwájú dígí, ó wo inú rẹ̀ títí, bí ẹni tó ń retí kí ẹlòmíì wọlé síbẹ̀. Ó ní kí Ajarat sọ ohun tí ọmọ òun wí, kó má fo ọ̀rọ̀ kan. Ó sọ ọ́.

"Ó rẹ́rìn-ín?"

"Ó rẹ́rìn-ín, bàbá. Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Ta ló ní kó wọ èyí tuntun lọ?"

Màdáámù mira lórí ìdúró. "Èmi ni," ni Ajarat dáhùn. Ó dorí kodò, ó ń retí ohunkóhun tó bá fẹ́ dé.

Arúgbó náà padà jókòó sórí àga. "Ṣé ó yẹ ẹ́?"

"Ó yẹ ẹ́ gan-an, bàbá."

"Ó dáa." Kò sọ pé òun foríjì í, kò sì bú u. Ó gba ṣẹ́ẹ̀tì búráùn náà, tí Ìbíjọkẹ́ ní kí Ajarat tọ́jú dè é, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó fi ọwọ́ nà án títí gbogbo híhunjọ rẹ̀ fi tán. Ó wọ bàtà, ó lọ.

Òórùn pákó kúrò lẹ́yìn kọ́tìnnì, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò kúrò lára Ajarat. Ọdún márùn-ún sí i ló lò níbẹ̀. Kì í yan àwọ̀ fún oníbàárà mọ́, bó ti wù kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ tó. Á sì kọ́kọ́ béèrè orúkọ wọn, àwọn mìíràn a máa bínú, wọ́n á ní ṣé ilé ẹjọ́ ni àwọn wá ni.

Ìbíjọkẹ́ fẹ́ ọkùnrin kan tó ń wa yanrìn ní Àgbóyì lẹ́yìn ọdún méjì. Nígbà tó bí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, ó ránṣẹ́ pe Ajarat, Ajarat sì lọ. Wọ́n gbé ọmọ fún un, ó gbé e dání títí ọmọ fi sùn. Àwọn méjèèjì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lẹ́nu omi, wọ́n ń wo àwọn ọkọ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò dárúkọ Yúnúsà.