Ẹṣin Tí Dáfídì Kò Gbé

Bí a bá ń ka àwọn tó mọ ṣẹ́ẹ̀sì ta ní Pópó Àgùdà, tí a kò dárúkọ Dáfídì ará Iléṣà, irọ́ la ń pa. Táípúráítà ló ń tún ṣe nítòsí Tinúbú Square, kọ̀ǹpútà sì ti ń gba iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò tìtorí ìyẹn fajú ro. Lọ́dún 1999 tí wọ́n ṣí ilé íńtánẹ́ẹ̀tì sókè ilé tó kọjú sí ìsọ̀ rẹ̀, ó gòkè lọ, ó jókòó, ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì ń sáré débi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi ìka kan ṣoṣo wá lẹ́tà kiri yíjú wò ó. Ọ̀gá ni, ó sì mọ̀!

Níbẹ̀ ló ti rí ẹgbẹ́ kan tí àwọn tó fẹ́ràn ṣẹ́ẹ̀sì káàkiri ayé ti ń bára wọn ta. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra, kò sì gbọdọ̀ gba ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kó mú orúkọ. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ó tẹ “DafidiEko”. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Èkó ló ń ta fún.

Ó na ará Kánádà kan, ó na ará Íńdíà kan. Ó ku ẹyọ kan.

Ọ̀sán Sátidé ni ẹ̀kẹta, obìnrin ará Fínílándì kan ló bá a ta. Mọ̀núrù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà, dúró sẹ́yìn àga rẹ̀. Ní Pópó Àgùdà, ẹni méjì ló ń jókòó, ogún ẹnu ló ń ta. Òǹwòran tó bá dákẹ́ níbẹ̀, wọ́n á bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá. Ọ̀rọ̀ wá le fún Dáfídì. Ó ti ń nawọ́ sí ayaba kí Mọ̀núrù tó pariwo.

“Ẹṣin! Gbé ẹṣin sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba ẹ̀! Wọ́láì, ó ti kú!”

Dáfídì wo ojú kọ̀ǹpútà. Òótọ́ ni. Bó bá gbé ẹṣin yẹn, ó ti dọmọ ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò rí i. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

“Kí lò ń wò? Ta á!”

“Ìwọ lo rí i, Mọ̀núrù. Èmi kọ́.”

“Hábà! Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ṣé Fínílándì gbọ́ ohùn mi ni?”

“Èmi gbọ́ ọ.”

Ó kọ̀wé sí obìnrin náà pé ọ̀rẹ́ òun ló fi ibi tó yẹ kóun ta hàn òun, nítorí náà òun gbà pé òun ti pàdánù. Mọ̀núrù fìbínú sọ̀kalẹ̀, kò sì kí i fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má jẹ́ n parọ́, ó dun Dáfídì wọra, torí ó di kó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹyọ kan.

Ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó tó jẹ ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra, tí lẹ́tà ẹgbẹ́ fi dé. Mọ̀núrù ló ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, òun náà ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí wọ́n ti ń ta ní Pópó Àgùdà. Bàbá Àbúdù tó ni ìta náà sún mọ́ ọn, ó wò ó títí.

“Mélòó ló jẹ kí wọ́n tó gbà á?”

Mọ̀núrù na ẹ̀yìn rẹ̀ ṣánṣán.

“Bàbá, ẹ má bi mí léyìí tó jẹ. Ẹ bi mí léyìí tó fi sílẹ̀.”