Owó Róòmù Inú Ẹ̀rẹ̀kẹ́

"Yéè! Ẹ ti dáná sun ọkọ mi!"

Ìyá wa, Àwáwù, ló figbe ta bẹ́ẹ̀ nílé àgbẹ̀dẹ agboolé wa n'Ìbàdàn. Èmi dì mọ́ ìró rẹ̀. Ẹwìrì ń fẹ́ fìì, fìì, òórùn èédú gba gbogbo ibẹ̀, ohun róbótó kan sì ń pọ́n fòò láàárín iná.

"Owó kan ṣoṣo tí Làmídì fi sílẹ̀ fún mi nìyẹn! Bàbá, ẹ fọhùn!"

Bàbá arúgbó tó ń rọ fàdákà na ìka sí ẹnu ara rẹ̀, ó mi orí, ó ń fẹ́ná lọ.

"Ẹ sun owó mi tán, ẹ tún ní kí n panu mọ́!"

Bàbá wa, Làmídì, ló ra owó fàdákà náà ní Íjíbítì nígbà tó ń ṣe sójà. Ẹni tó tà á fún un ní owó àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ ni, pé orí ọba wọn ló wà lára rẹ̀. Nígbà tí bàbá wa kú, ìyá wa fẹ́ máa wọ̀ ọ́ sọ́rùn, ó ní kí wọ́n dá a lu. Àgbà alágbẹ̀dẹ yìí kọ̀ jálẹ̀.

"Àwáwù, èmi ò ní dá orí ọba lu. Má sì fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ o, jẹ́ kó dúdú bó ṣe dúdú. Màá kọ́lé fún un."

Ilé náà ni òrùka fàdákà tó ní èékánná mẹ́rin tí yóò di owó náà mú. Nígbà tí òrùka náà tutù lọ́jọ́ tí ìyá wa ń ké yẹn, ó ti ohun róbótó inú iná jáde nínú rẹ̀. Àpáàdì ni! Ó ti ha á bá ìwọ̀n owó náà mu, kó lè rí nǹkan jó fàdákà yí ká. Ló bá tu owó gan-an sí àtẹ́lẹwọ́ láti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Fàdákà tó ti darúgbó kì í fẹ́ iná," ó ní. "Bí mo bá sì gbé e kalẹ̀, mo lè ṣì í jù síná. O wá ń bú mi, mi ò lè bú ọ padà!"

Ìyá wa rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Látìgbà tí bàbá wa ti kú, a ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

Mo rántí orúkọ gbogbo ará agboolé, àfi tiẹ̀. Ta ni yóò bi irú àgbà bẹ́ẹ̀ lórúkọ?

Ẹ̀gbọ́n mi Sìkírátù ló jogún owó náà, ó wọ̀ ọ́ dé Adelphi ní Amẹ́ríkà níbí. Ó kú nígbà òtútù tó kọjá, owó sì kàn mí. Láìpẹ́ yìí, ìkọ́ tí ṣéènì ń gbà kán, mo gbé e lọ bá Wálé, ọmọ Yorùbá kan tó ń tún ohun ọ̀ṣọ́ ṣe ní plaza kan ní Temple Hills. Bó ṣe tan iná tó fẹ́ fi jó o, mo ké: "Dúró! Yọ owó yẹn ná." Ó tú èékánná rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Nígbà tó jó ìkọ́ náà tán, ó wò yíká.

"Mummy, where's the coin? Àbí ẹ ti swallow ẹ̀ ni?"

Mo na ìka sí ẹnu mi, mo mi orí.

"Okay ma, okay, mi ò sọ̀rọ̀ mọ́."

Nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, iyọ̀ díẹ̀ wà lára owó náà, bóyá òógùn ọrùn Sìkírátù ni. Látìgbà tó ti lọ ni wọ́n ti ń bẹ̀ mí pé kí n sọ̀rọ̀, kí n má dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá alágbẹ̀dẹ yẹn ò kọ́ mi níṣẹ́ ọwọ́ kankan, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mo dákẹ́, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn.