Àwòrán Ìyá Ọkọ Mi Lára Ìwé Mi

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mo fi Dutch kọ ìwé. Gbogbo èèyàn ló ti bi mí, ó ti sú mi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí bàbá mi kó wa lọ sí Holland. Ibẹ̀ ni mo ti kàwé, ibẹ̀ ni mo ti dàgbà, ìgbà tí mo lọ́kọ ni mo tó dé Toronto. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn nìyẹn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó gbọ́ Dutch nínú ilé wa ní Brampton, nítòsí Toronto.

Ìyá ọkọ mi wá wẹ ọmọ fún wa nígbà tí mo bí àkọ́bí. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ní àwọn máa lò. Ọmọ ọ̀hún ti wà ní Grade Three báyìí. Mi ò ní parọ́ mọ́ wọn o, wọn ò bú mi rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn gan-an ni yàrá wọn wà, wọn kì í sì í tilẹ̀kùn. Bí mo bá ti gbẹ́sẹ̀ báyìí, "Ta nìyẹn?" Mo fẹ́ lọ mu omi, "Ta nìyẹn?" Mo ti ibi iṣẹ́ mi ní wárúháùsì dé, mo bọ́ bàtà sọ́wọ́ bí olè nínú ilé ara mi, "Ta nìyẹn?" Mo á ní, "Èmi ni, Màmá." Wọ́n á ní, "Níbo lò ń lọ?" Yéè! Níbo ni mo fẹ́ lọ nínú yìnyín?

Inú mọ́tò ni mo ti kọ ìwé náà. Tí mo bá parí shift, mo á wa mọ́tò wọ garage, mo á pa iná, mo á gbé laptop lé itan pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Tí ọkọ mi bá pè, mo á ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló dá mi dúró. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi pa irọ́ yẹn.

Obìnrin kan ló wà nínú ìwé náà, òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ nínú ilé kan. Ìyá yìí ń tẹ́tí sí ẹsẹ̀ rẹ̀ títí orí obìnrin náà fi fẹ́ dàrú. Inú ọkàn obìnrin náà la wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, a ò kúrò níbẹ̀. Ní ìparí, ó jáde, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá náà láti ìta. "Ta nìyẹn?" ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ojú ìwé àkọ́kọ́.

Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Holland gbà á. Olóòtú wọn bẹ̀ mí pé kí n fún ìyá yẹn ní orí kan ṣoṣo, kí òun náà sọ tẹnu ẹ̀. Mo fárígá. Mo ní kí ló fẹ́ sọ? Nígbà tí ìwé jáde, ìwé ìròyìn kan níbẹ̀ yìn ín gan-an. Wọ́n ní ìyá náà dà bí ògiri, kò ṣe é bá sọ̀rọ̀. Mo kà á nínú garage, mo rẹ́rìn-ín, mo tún sunkún, nítorí kò sẹ́ni tí mo lè fi hàn.

Mo kàn sọ fún ọkọ mi pé mo kọ ìtàn obìnrin kan ni, síbẹ̀ inú ẹ̀ dùn ju tèmi lọ. Gbogbo mọ́ṣáláṣí ló gbọ́. Ẹbí wọn ní Milton gbọ́.

Ìyá rẹ̀ wá pé àádọ́rin ọdún. Àdúrà ráńpẹ́ la ṣe ní gbọ̀ngàn mọ́ṣáláṣí. Ẹ kúkú mọ̀ wá, bí a bá pe èèyàn wá bá wa ṣàdúrà, kò gbọdọ̀ lọ sílé lọ́wọ́ òfìfo. Mo ti ra abọ́ oníke tí a máa pín. Mi ò mọ̀ pé ọkọ mi ti ránṣẹ́ sí Holland. Ó gbé páálí kan wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Surprise!" Ìwé mi ni! Ó ti lẹ sítíkà mọ́ iwájú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: àwòrán ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, "A bá Màmá dúpẹ́ fún àádọ́rin ọdún."

Orí mi ò! Mi ò lè já ìwé gbà lọ́wọ́ àlejò. Màmá ń fọwọ́ pa àwòrán ara wọn, wọ́n ń ní, "Ìyàwó mi ló kọ ọ́ o!" Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣeun, Màmá. Mo ń sọ fún ara mi pé Dutch ni, Dutch ni.

Òmùgọ̀ èèyàn ni mí. Nọ́ọ̀sì kan tó jókòó tì wọ́n, ẹgbẹ́ mi tó ń gbé ní Ajax, fa fóònù yọ, ó gbé kámẹ́rà lé ojú ìwé àkọ́kọ́, fóònù sì sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún Màmá tẹ̀ríntẹ̀rín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín tán lójú ẹ̀. Ó wò mí. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká jẹun ná." Màmá ní, "Máa kà á."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni nọ́ọ̀sì yẹn fi ń kà á fún wọn lórí fóònù. Èmi wá ni mò ń dúró lórí àtẹ̀gùn, tí mò ń tẹ́tí. Tí wọ́n bá sọ fún ọkọ mi pẹ́nrẹ́n, ìgbéyàwó mi tán nìyẹn. Ohun tó tiẹ̀ bà mí lẹ́rù jù ni pé wọn ò bèèrè pé ta nìyẹn mọ́. Mo á kọjá, ilẹ̀kùn á sì wà ní ṣíṣí.

Láàárọ̀ Sátidé kan, ọkọ mi kó àwọn ọmọ jáde. Màmá pè mí wọlé. Ìwé náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

"A ti kà á tán," ni wọ́n wí.

Mo wólẹ̀. "Màmá, ẹ forí jì mí."

"Dìde. Mi ò sọ fún ọkọ ẹ, mi ò sì ní sọ." Wọn ò wò mí. "Mo ní kí ẹ dá mi padà sílé, ọmọ mi ní ta ló máa tọ́jú mi níbẹ̀. Mi ò gbọ́ èdè wọn, mi ò lè wakọ̀. Tí gbogbo yín bá jáde, ó di ìrọ̀lẹ́ kí n tó gbọ́ ohùn èèyàn. Tí mo bá gbúròó ẹsẹ̀, mo máa ń bèèrè ni, kẹ́nì kan lè dá mi lóhùn."

Omi lé ròrò sí mi lójú. Wọ́n gbé ìwé náà, wọ́n fi ìka kan sítíkà tó wà lára ẹ̀.

"Obìnrin yẹn jáde, mo bá a yọ̀. Ìyá tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ńkọ́? Ta ló wá ṣí i fún un?"

"Mi ò kọ ẹnì kankan síbẹ̀, Màmá."